Ẹni Tó Ń Dúró De Sátúrnù

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1846 ni àwọn awòràwọ̀ kọ́kọ́ rí pílánẹ́ẹ̀tì Nẹ́ptúnù, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n rí. Oṣù keje ọdún 2011 ni Nẹ́ptúnù ṣẹ̀ṣẹ̀ yípo oòrùn tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ náà. Mo yẹ déètì méjèèjì wò lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n bára mu. Nínú àwọn tó rí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wà láyé rí òpin rẹ̀.

Obìnrin tí mo ń kọ ìtàn rẹ̀ yìí mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Atúnaagoṣe ni, ọmọ atúnaagoṣe sì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ẹ̀rọ ojú ọ̀run tó wà lókè àjà gbọ̀ngàn ìkàwé ìlú. Àwọn tó ń wá kàwé níbẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Màmá Òkè ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹni tó bá ń wá a, òkè náà ni yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà ga, ó sì tutù, àwọn tábìlì gígùn sì tò láti ẹnu-ọ̀nà títí dé fèrèsé ìlà-oòrùn. Pákó ni àjà rẹ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ aró. Wọ́n gé ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ sí i, gbogbo wọn rí róbótó, ọ̀kan wà nínú èkejì bí ìgbà tí òkúta bá bọ́ sínú odò. Iná ńlá kan ló wà láàárín, òun ni oòrùn. Nínú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin kan yọ wálẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́nu ọ̀pá náà. Èyí tó kéré jù kò ju ọsàn lọ. Sátúrnù, irin gidi ni, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ láì ka òrùka tó yí i ká. Úránù àti Nẹ́ptúnù náà kò fúyẹ́. Orí àwọn tó ń kàwé ló sì wà nísàlẹ̀ wọn.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò fẹ́ eré. Bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn lójú ọ̀run gan-an ló ṣe mú kí wọ́n máa rìn lára àjà. Aago ńlá kan tó wà lókè ló ń yí wọn. Ọjọ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún ni Mẹ́rkúríù fi ń yípo iná àárín náà. Àgùàlà ń lo oṣù méje àti díẹ̀. Ayé, ọdún kan. Mársì, ó dín díẹ̀ ní ọdún méjì. Júpítérì, ó dín díẹ̀ ní ọdún méjìlá. Sátúrnù, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀. Úránù, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nẹ́ptúnù, ó dín díẹ̀ ní ọgọ́jọ ọdún ó lé márùn-ún. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ Sátúrnù láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ní rí i kó mira, torí ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò ju ìnípọn okùn bàtà lọ.

Òkè àjà kún fún ìtì igi àti irin débi pé ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ ti lè kan ibi tí wọ́n ti fi ọ̀pá kọ́. Ibẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n to pákó kéékèèké tó ṣeé ṣí sí. Ibùdókọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá dé ibùdókọ̀ ni wọ́n ń fi gíríìsì pa, tí wọ́n ń yẹ bóòtì rẹ̀ wò. Èyí tí kò bá tíì dé, wọn yóò dúró dè é.

“Mẹ́rkúríù ò nítìjú,” Màmá Òkè sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gòkè lọ bá a. “Ó dà bí àna tí wọ́n fún lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan. O ò tíì nu gíríìsì ọwọ́ rẹ tán, ó tún ti kanlẹ̀kùn.”

“Júpítérì ńkọ́?”

“Ìyẹn, èèyàn ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tíì kí mi látìgbà tí mo ti gbaṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, irun mi dúdú kirikiri. Nígbà kejì, mo ti ń ra oògùn tí mo fi ń kùn ún. Tó bá tún dé, tí mo ṣì wà, kó bá mi bó ṣe bá mi.”

“Úránù?”

“Ọdún tí wọ́n bí mi ló kọjá ní ibùdókọ̀. Ọ̀gá bàbá mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, bàbá mi sì ń bá wọn gbé irinṣẹ́. Tó bá máa fi padà dé, màá ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.” Ó rẹ́rìn-ín. “Nẹ́ptúnù kẹ̀? Má tiẹ̀ bi mí. Àtọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́, kò tíì débí rí. Àwọn tó gbé e kọ́ nìkan ló fọwọ́ kàn án.”

Mo bi í pé Sátúrnù ńkọ́. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ń bọ̀ lọ́nà.”

Kí n tó sọ ohun tó mú ẹ̀rín yẹn tán, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí Mẹ́rkúríù bá dé ibùdókọ̀, tí bóòtì rẹ̀ ti jẹ, tí tuntun kò sì sí nílẹ̀, wọn kì í dá aago dúró. Wáyà ni wọ́n ń fà bọ ojú ihò bóòtì náà, wọn á lọ́ ọ yí ọ̀pá ká, wọn á ní, “Lọ kí o bọ̀.” Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti padà dé, bóòtì tuntun sì ti wà nílẹ̀. Wáyà kì í já láàárín oṣù mẹ́ta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ máa ń mọ iṣẹ́ lára ju orí lọ. Ọwọ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mẹ́rkúríù títí lè gbàgbé lọ́jọ́ kan pé kì í ṣe Mẹ́rkúríù ló wà níwájú òun.

Bàbá Màmá Òkè ló wà lókè nígbà tí Sátúrnù dé kẹ́yìn. Àwọn arúgbó tó ṣì ń wá ka ìwé ìròyìn nínú gbọ̀ngàn ní ọkùnrin náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí rí. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ máa ń mú mi fura, pàápàá tó bá jẹ́ òkú ni wọ́n ń yìn, àmọ́ ẹni mẹ́rin ni mo bi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà sì ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lára Sátúrnù, ó sọ̀kalẹ̀ wálé wá jẹun ọ̀sán, ó sì ṣubú nídìí tábìlì. Ẹ̀gbà mú un lápá ọ̀tún. Ohùn rẹ̀ bá a lọ. Kò gòkè àjà mọ́ láé.

Ọdún mẹ́ta ló fi wà lórí ibùsùn. Ọwọ́ òsì ló ṣẹ́kù fún un, ohun kan náà ló sì ń fi ṣe. Á nàka sí àjà ilé, á fi ìka náà ya róbótó ńlá kan nínú afẹ́fẹ́, á wá pa àtàǹpàkò mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, á máa lọ́ wọn lọ́ wọn. Ilé pé lé e lórí, kálukú ń túmọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ọ̀run ló ń nàka sí, pé adé ló ń yà nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tó bá ń lọ́ ìka báyẹn, iyọ̀ ló ń béèrè. Wọ́n bá ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi pariwo lọ́jọ́ kan pé, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọkọ yín di ẹja oníyọ̀ ni?”

Bí bàbá náà bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀, á yíjú sí ògiri, omi á sì máa dà lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Wọ́n ti fi iṣẹ́ náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó tó kú. Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ gòkè, Sátúrnù ti wọ abẹ́ ìtì igi lọ, ó di ẹ̀yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn rí wáyà kan nínú ìdọ̀tí tó gbá jọ. Ó mú un lọ bá Màmá Òkè, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà o. Ọ̀run yín ti ń já lulẹ̀.” Wáyà àtijọ́ ni, ó ti dípẹtà, ó rí róbótó bí òrùka. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ́ ọ, wọ́n sì ká ẹnu rẹ̀ wọnú kó má baà gún ọwọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

“Ọwọ́ bàbá mi ni,” Màmá Òkè sọ fún mi. “Bí wọ́n ṣe ń lọ́ wáyà nìyẹn. Bí wọ́n sì ṣe kọ́ mi nìyẹn.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fọ abọ́ nílé, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wáyà náà, ó bá rí i pé ìka òun ń lọ́. Àtàǹpàkò mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ó ní ibi tóun dúró sí yẹn lòun ti mọ̀ pé bàbá òun kò béèrè iyọ̀ rí, pé wáyà tó fi so Sátúrnù ló ń sọ.

Mo lọ bá agbálẹ̀ náà kí n lè mọ apá ibi tí wáyà ti jábọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Gbogbo gbọ̀ngàn ni mo gbá, ọ̀gbẹ́ni. Ṣé ìdọ̀tí máa ń sọ ibi tó ti wá ni?” Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe iná mànàmáná. Òun ní wáyà pọ̀ lókè yẹn bí ìfun màlúù, pé kí n bá òun fa ọ̀kan wò kí n rí i bóyá iná á kú. Nítorí náà, mi ò ní ẹ̀rí. Ohun tí mo ní ni wáyà kan tó dípẹtà àti ọwọ́ òsì òkú kan.

Màmá Òkè kò wá ẹ̀rí. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún tí etí rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ. Bí àwọn méjèèjì ṣe ròyìn ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín wọn kò bára mu níbi gbogbo, àmọ́ níbi tí wọ́n ti fẹnu kò, báyìí ló rí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ jí bàbá rẹ dìde nínú sàréè kó o lè bá a ṣẹjọ́ ni?”

“Màámi, àwọn ọmọdé ń bọ̀ wá jókòó sábẹ́ nǹkan yẹn.”

“Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń yí lókè yẹn. Ṣé ó já?”

“Ohun tó bá máa já, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa já.”

“Tí o bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á ní bàbá rẹ so irin rọ̀ sókè orí ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lọ sùn. Orúkọ tó fi sílẹ̀ fún ọ nìyẹn? Orúkọ tí wọ́n wò kí wọ́n tó fún ọ níṣẹ́?” Ìyá náà yí ẹ̀gbẹ́. “Iyọ̀ ló ń béèrè. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìwọ.”

Màmá Òkè dákẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Sátúrnù kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Nígbà náà, ó wà lókè tábìlì tó kángun sí fèrèsé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ dára jù. Láràárọ̀, Màmá Òkè á ti tábìlì náà kúrò. Tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn arúgbó oníwèé ìròyìn á ti gbé e padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbí.”

“Kí ló wà níbẹ̀? Ejò?”

“Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa fún àgbà.”

“Ta lo pè ní àgbà? Ìwọ tó ń gun àkàbà látàárọ̀ lo yẹ kó o lọ sinmi!”

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ìwé ìròyìn bojú. Bọ́ọ̀lù irin náà á dúró sókè orí wọn, òjìji rẹ̀ á bo ìdajì tábìlì. Màmá Òkè ní nígbà míì, tí gbogbo gbọ̀ngàn bá pa rọ́rọ́, òun máa ń gbọ́ ohùn kan lókè, kín-ín, bí ìgbà tí ẹnì kan bá rọra tẹ pákó mọ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sán méjì. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan, lọ́nà jíjìn, lápá ẹnu-ọ̀nà. Mo ní ó lè jẹ́ pé pákó gbígbẹ ni.

Tábìlì ṣeé tì. Ohun tó wà níwájú Sátúrnù lẹ́yìn tábìlì kò ṣeé tì. Lábẹ́ fèrèsé, níwájú ibùdókọ̀ gan-an, bẹ́ǹṣì oníkọnkéré kan wà tí wọ́n mọ mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń jókòó sí tí wọ́n bá wá, wọn á to ara wọn bí ẹyẹ lórí wáyà iná, olùkọ́ wọn á sì máa kàwé fún wọn. Kí Sátúrnù tó dé ibi tí ọwọ́ yóò ti kàn án, ó di dandan kó kọ́kọ́ kọjá lókè bẹ́ǹṣì náà, oṣù kan gbáko àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù keje, etí òrùka Sátúrnù yọ sókè bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá Òkè ti ń lọ jókòó síbẹ̀. Tó bá ti parí iṣẹ́ òwúrọ̀, á mú ìgò omi rẹ̀, á jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì, á tú aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé àpò irinṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ọmọ dé, kò sí àyè. Olùkọ́ wọn kó wọn jókòó sórí ẹní lápá ẹnu-ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ fi ẹjọ́ sùn.

Ọ̀gá ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ ló wá bá a. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tó máa ń fa ṣòkòtò sókè kó tó sọ̀rọ̀ tó bá le.

“Màmá, wọ́n ní ẹ ti gba àyè àwọn ọmọdé.”

“Mo ń sinmi ni, ọ̀gá.”

“Lójoojúmọ́?”

“Ó ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́.”

Ó fa ṣòkòtò sókè. Ó jókòó tì í. Màmá Òkè bá pariwo mọ́ ọn pé kó dìde, kó kúrò níbẹ̀, ohùn tí kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí. Gbogbo gbọ̀ngàn gbórí sókè. Ọ̀gá náà dìde dúró, ó wo obìnrin náà, lẹ́yìn náà ó wo òkè.

“Kí ló máa já?” Ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún un. Ó sọ ti wáyà, ó sọ ti ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sọ ti iyọ̀. Ọ̀gá ní kí ló wá dé tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi ń jókòó sábẹ́ ohun tó mọ̀ pé ó lè já. Màmá Òkè ní, “Tó bá máa já, ọmọ ẹni tó so ó ni kó já lé.”

Ọ̀gá náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ó ti gbé ẹnjiníà kan wá. Ọkùnrin náà gun àkàbà láti ìsàlẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mi ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀, ó ní ọ̀pá dúró ṣánṣán, àmọ́ ibi tí wọ́n ti fi kọ́ ọ wà lẹ́yìn ìtì igi, ojú òun kò dé ibẹ̀. Ọ̀gá béèrè àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ilé kí wọ́n gé àjà. Wọn kò dáhùn. Ó wá ṣe èyí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó fi okùn yí bẹ́ǹṣì ká, ó ní kí àwọn ọmọ má ṣe wá mọ́ títí Sátúrnù yóò fi dé ibùdókọ̀, kí wọ́n wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì jáde. Àwọn arúgbó oníwèé ìròyìn gbọ́, ẹ̀rín kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti yin bàbá náà fún mi, bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ohun tí mo sọ fún ọ níjọ́sí, pa á rẹ́.” Ìyá Màmá Òkè kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá gbé oúnjẹ lọ fún un, ìyá á bá ògiri sọ ọ́ pé, “Wọ́n ní kí n jẹun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀. A jẹ́ mẹ́rin lókè náà: Màmá Òkè, ọ̀gá ilé ìkàwé, gbẹ́nàgbẹ́nà kan, àti èmi. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi irin tú pákó Sátúrnù, eruku sọ lù ú lójú.

“Eruku yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí,” ó ní. “Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Màmá Òkè dùbúlẹ̀, ó ki apá bọnú ihò náà títí dé èjìká. Ó pa ojú rẹ̀ dé.

“Bóòtì ni,” ó wí.

“Ẹ tún un fọwọ́ kàn,” ọ̀gá ní.

“Bóòtì ni! Bóòtì gidi, nọ́ọ̀tì méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan ti èkejì. Gíríìsì ti gan lé e bí àbẹ́là. Kò sí wáyà níbí. Wáyà kankan ò tiẹ̀ débí rí.” Ó fa apá yọ, ó jókòó, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. “Bàbá mi parí iṣẹ́ wọn. Wọ́n parí iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun.”

Ọ̀gá mú tọ́ọ̀ṣì, ó yọjú wò ó fúnra rẹ̀. Èmi náà wò ó. Bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń nu ojú rẹ̀. “Ẹ wá lọ bẹ màmá yín o. Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí.”

Mo ní, “Wáyà yẹn wá ńkọ́?”

Màmá Òkè ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yọ ọ́ nínú àpò. Ó fi òrùka wáyà náà wé ọ̀pá Sátúrnù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi hàn mí pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti wá. Wáyà náà fẹ̀ jù ú lọ. Ó ń yí gbirigbiri lára ọ̀pá. Ó wò ó títí. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀.

“Àwọn méjì ẹ̀yìn ni ọ̀pá wọn nípọn tó báyìí,” ó wí. “Úránù àti Nẹ́ptúnù.”

“Ẹ sì ní Nẹ́ptúnù ò tíì débí rí,” ọ̀gá wí.

“Kò tíì débí rí.”

“Bàbá yín kọ́ ló sì wà nídìí Úránù.”

“Ọ̀gá wọn ni. Bàbá mi ń gbé irinṣẹ́ fún wọn ni.” Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. “Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ wáyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ wọnú. Bàbá mi wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wọn lọ́ ọ. Wọ́n ti mọ̀ látọdún tí wọ́n bí mi.”

Ó yẹ kí n sọ pé èyí náà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ronú kan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì rí ẹnu sọ ọ́.

Ọ̀gá fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. “Níbo ni Úránù wà báyìí?”

Màmá Òkè tan tọ́ọ̀ṣì sí òpin òkè àjà náà lọ́hùn-ún, kọjá aago ńlá, kọjá ìtì igi, síbi tí ọwọ́ ẹ̀dá kankan kò lè dé títí òun fi máa di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìmọ́lẹ̀ náà kò dé ibẹ̀ tán.

“Lápá ẹnu-ọ̀nà,” ó wí. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ilẹ̀kùn.”

“Ẹ dúró ná,” gbẹ́nàgbẹ́nà ní. “Láti oṣù kejì ni wáyà ti wà lọ́wọ́ yín. Kí ló wá gbé e dúró látìgbà yẹn?”

Láti ọ̀ọ́kán náà, a gbọ́ ọ: kín-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn àwọn ọmọdé, púpọ̀ wọn, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níta. Aṣọ́nà ké sí wa láti ìsàlẹ̀.

“Ọ̀gá o! Àwọn ọmọ iléèwé ti dé, wọ́n ti tò sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣé kí n ṣí i fún wọn?”